Ìlera Ìdílé: Sìmẹ́ńtì kì í ṣe amọ̀

Ní oṣù tó kọjá a sọ̀rọ̀ nípa omi mímu àwọn ọmọ ọwọ́, a sì ṣèlérí pé a ó tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á dá ọ̀rọ̀ náà dúró díẹ̀. Ìgbà ìkọ́lé ti dé. Láti Kétu dé Pobẹ̀, láti Ṣábẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ẹni tó bá ti kórè tán ń rántí ilé tí ó dá dúró láàbọ̀, òkìtì yanrìn sì ti wà létí ọ̀nà gbogbo. Ọ̀ràn kan wà lọ́kàn wa tí a kò fẹ́ kí ìgbà yìí kọjá kí á tó sọ ọ́.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, àwa ọmọ ìjọ kan kó ara wa jọ ní ọjọ́ Sátidé láti da kọnkéré sí ilẹ̀ yàrá tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń kọ́ katikísímù. Inú gbogbo wa dùn lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin ń pọn omi, àwọn ọkùnrin ń pò ó, àwọn ọ̀dọ́ ń fi páànù gbé e wọlé, orin kò sì dá lẹ́nu wa. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 16, tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Òun ni mọlémọlé gbé pákó lé lọ́wọ́ pé kí ó máa fi tẹ́ ojú ilẹ̀ náà kí ó lè dọ́gba. Ó kúnlẹ̀ sínú kọnkéré tútù láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ títí agogo méjìlá fi kọjá. Ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin dé itan. Bí a ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó tì o, Bàbá. Ó tutù lẹ́sẹ̀ mi, ó sàn fún mi ju inú oòrùn lọ." A yìn ín, a sì bá tiwa lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ó bọ́ ṣòkòtò, ìyá rẹ̀ rí i pé awọ eékún rẹ̀ méjèèjì ti yí padà. Ó pọ́n níbì kan, ó dúdú níbòmíràn bí ohun tí iná jó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná kankan tí ó sún mọ́ ọmọ náà láti àárọ̀. Wọ́n fi epo pupa pa á. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, kò lè na ẹsẹ̀ mọ́. A gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì wo eékún náà, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Sìmẹ́ńtì ni, àbí?" Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ojú ọgbẹ́ náà tó pa dé. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.

Àwa tí ń kọ ojú ewé yìí ni a pe àwọn ọ̀dọ́ síbi iṣẹ́ náà. Àwa ni a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a yìn ín. Ẹ̀bi náà kàn wá, a kò sì ní fi bò.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi rò ó? A ti ronú sí i, ohun tí a sì rí ni pé ojú amọ̀ ni gbogbo wa fi ń wo sìmẹ́ńtì. Amọ̀ ni àwọn bàbá wa fi kọ́lé. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, àwọn ọmọdé a máa ṣeré nínú rẹ̀, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù, wọn a dà á sẹ́yìn ilé, òjò a rọ̀, a sì di ilẹ̀ padà. Amọ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí sìmẹ́ńtì wá dé, gbogbo ìwà tí a ń hù sí amọ̀ ni a kó fún un: ọ̀wẹ̀ kan náà, orin kan náà, ẹsẹ̀ lásán kan náà. Ó sì jọ amọ̀ lóòótọ́. Ó rọ̀, ó tutù, ó ṣeé fi ọwọ́ mọ. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọjá ní Onigbolo, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí orílẹ̀-èdè Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ wà. Òkúta ẹfun ilẹ̀ wa ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Bí a ti ń ṣe sìmẹ́ńtì níbi gbogbo ni pé a ó lọ òkúta ẹfun pọ̀ mọ́ amọ̀, a ó sun ún nínú ìléru tí gbígbóná rẹ̀ tó 1,450 digirí títí yóò fi di kókó líle, lẹ́yìn náà a ó tún kókó náà lọ̀ títí yóò fi kúnná bí ẹ̀tù. (Mọlémọlé kan ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Aspdin, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú sìmẹ́ńtì tí a mọ̀ yìí ní ọdún 1824. Ẹ ò rí i pé àwọn mọlémọlé kì í ṣe ẹni à ń fojú rénà!) Nígbà tí omi bá kan ìyẹ̀fun tí iná ti sun bẹ́ẹ̀, ẹfun a tú jáde nínú rẹ̀, omi náà a sì di ohun tí ń jẹ ara.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọṣẹ dúdú, ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ẹ mọ omi eérú tí ẹ ń sẹ́. Ẹ mọ̀ pé bí ó bá mú, a máa yọ̀ lọ́wọ́, bí ó bá sì pẹ́ lọ́wọ́, a bó awọ. Òun ni ó ń sọ àdín di ọṣẹ. Iṣẹ́ kan náà ni omi sìmẹ́ńtì ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rá ara ènìyàn ni ó fi ń ṣe é. Yíyọ̀ tí ó ń yọ̀ ní ìka wa nígbà tí a bá ti ọwọ́ bọ kọnkéré, awọ ara wa ni ó ń di ọṣẹ. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, tí wọ́n ń kà láti 0 dé 14. Omi mímu wà ní nǹkan bí 7. Omi sìmẹ́ńtì tútù wà láàárín 12 àti 13. Ẹ má ṣe rò pé ìgbésẹ̀ márùn-ún péré ni, nítorí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Láti 7 dé 12, ìlọ́po 100,000 ni.

Ohun tí ó fi ń tan ènìyàn ni pé kì í ta ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí iná bá jó ni, a ó fa ọwọ́ sẹ́yìn kí á tó mọ̀ pé a fà á. Sìmẹ́ńtì tútù kì í ké ìkìlọ̀. Ó lè wà lára ènìyàn fún wákàtí kan, méjì, mẹ́ta, kí ó máa jẹ ẹ́ wọlé, kí olúwarẹ̀ sì máa sọ pé ó tutù lẹ́sẹ̀ òun. Nígbà tí ìrora bá dé, iṣẹ́ ti bọ́. Ibi tí ó sì burú jù lọ ni ibi tí aṣọ tàbí bàtà bá ti há a mọ́ ara: eékún, kókósẹ̀, abẹ́ ìbàdí, ọrùn ọwọ́. Ẹni tí ó wọ bàtà òjò ń rò pé òun ti bọ́, ṣùgbọ́n bí kọnkéré bá ti ẹnu bàtà wọlé tí ó sì fi í síbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, ó sàn kí ó má tilẹ̀ wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, kí ni kí á ṣe? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúnlẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí yóò tẹ́ ojú ilẹ̀, kí ó gbé pátákó fífẹ̀ kan sílẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ lé pátákó náà, kí ó sì máa sún un sẹ́yìn bí ó ti ń lọ. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ róbà àti ṣòkòtò gígùn tí a fa etí rẹ̀ bo ìta bàtà, kí ohun tí ó bá dà sílẹ̀ má baà rí ẹnu ọ̀nà wọlé. Bí aṣọ bá rin, kí ó bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ní alẹ́. A mọ̀ pé ọ̀dọ́kùnrin kì í fẹ́ kí á rí òun pé òun dá iṣẹ́ dúró nítorí aṣọ. Àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ni kí ó pàṣẹ fún un.

Bí ó bá ti kan ara, omi ni oògùn rẹ̀, omi púpọ̀ tí ń ṣàn, fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, kí á kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n kúrò lára kí á tó da omi sí i. Epo pupa kọ́, òrí kọ́, ọṣẹ ìfọyín kọ́. Ìyá ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ kò ṣe àìdáa, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n epo a máa bo sìmẹ́ńtì mọ́ ara ni, iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa tẹ̀ síwájú lábẹ́ epo. Lẹ́yìn tí a bá ti fi omi ṣàn án dáadáa, bí awọ bá pọ́n, tí ó wú, tàbí tí ó yí àwọ̀ padà, kí á lọ sí ilé ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti ojú kò gba ìfira rárá. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, kí ẹlòmíràn fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀, kí ó máa rọra da omi mímọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí fún 20 ìṣẹ́jú, bí ẹni náà tilẹ̀ ń ké. Kí á má ṣe fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí á má ṣe fún omi ọmú sí i. Lẹ́yìn náà, ilé ìtọ́jú tààrà. Ènìyàn lè fọ́ lójú nítorí ẹ̀kán kan ṣoṣo.

A gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ará Kétu ń sọ ní ọkàn yín bí ẹ ti ń ka èyí. Níbo ni omi wà? Òótọ́ ni. Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, kànga ibẹ̀ jìn, omi sì jẹ́ ohun tí à ń fi àárẹ̀ wá. Ní ọjọ́ tí a da ilẹ̀ yàrá náà, gbogbo omi tí àwọn obìnrin pọn ni mọlémọlé ń ṣọ́ fún pípò. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fẹ́ fọ ẹsẹ̀, ojú ni wọn ìbá fi lé e. A kò lè sọ pé omi pọ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé kí àgbá kan wà lọ́tọ̀ tí a ti rọ omi kún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí igbá kan wà lórí rẹ̀, kí a sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé a kò gbọdọ̀ fi omi inú rẹ̀ po sìmẹ́ńtì, àní bí ó bá ku páànù kan kí iṣẹ́ parí. Bí kò bá sí omi fún àgbá náà, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ di ọjọ́ mìíràn.

Àìsàn kan wà tí àwọn mọlémọlé mọ̀ dáadáa, tí ó yàtọ̀ sí jíjóná yìí. Ọwọ́ a máa yún, a máa là, a máa ṣẹ̀jẹ̀, a lọ, a tún padà. Ohun kan tí ń jẹ́ krómíọ̀mù ni ó wà nínú sìmẹ́ńtì tí ń fà á. Bí ara ènìyàn bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa kọ̀ ọ́ títí ayé, àwọn kan sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn ará Denmark bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin dín in kù nínú sìmẹ́ńtì tiwọn ní ọdún 1983, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù sì ṣe òfin tiwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005. Ní tiwa, ìbọ̀wọ́ àti fífọ ọwọ́ ni.

Eruku ńkọ́? Ẹni tí ń tú àpò sínú páànù, kí ó dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ó má ṣe gbé àpò sókè kí ó tó dà á. Ṣùgbọ́n eruku tí a bẹ̀rù jù ni ti kọnkéré tí ó ti gbẹ, nígbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ gé e tàbí tí a bá ń fi òòlù fọ́ ọ. Yanrìn àti òkúta wà nínú rẹ̀, eruku wọn tí ó kéré jù ni ojú kò rí, òun ni ó sì ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí í dúró síbẹ̀, tí í sọ ẹ̀dọ̀fóró di líle díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń tó ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hàn, kò sì sí oògùn tí ó lè yọ ọ́. Ó tún ń ṣí ilẹ̀kùn fún ikọ́ ife. Ní ọdún 1930 sí 1931, ní Hawks Nest ní West Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n gbẹ́ ihò gba inú òkè olókùúta kọjá ní gbígbẹ láìfi omi rọ eruku. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kú nípa eruku náà tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ó wá iṣẹ́ wá síbẹ̀. Ohun tí ìbá gbà wọ́n kò ju omi lọ. Ẹ rọ omi sí kọnkéré kí ẹ tó fọ́ ọ, ẹ sì máa rọ ọ́ bí ẹ ti ń fọ́ ọ. Aṣọ tí à ń so mọ́ imú dára ju òfo lọ, ṣùgbọ́n eruku ńlá nìkan ni ó ń dá dúró.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ọ̀rọ̀ ohun tí ó ṣẹ́kù, nítorí níbi yìí gan-an ni ìwà amọ̀ ti pọ̀ lọ́wọ́ wa jù.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a ó fọ ṣọ́bìrì, a ó fọ páànù, omi funfun náà a sì máa ṣàn lọ. Lọ síbo? Ní Àjàṣẹ́, ó ń lọ sínú gọ́tà, gọ́tà sì ń gbé e lọ sínú ọ̀sà. Ní Ṣábẹ̀, a ti rí ẹni tí ó gbé páànù lọ fọ̀ sétí odò níbi tí àwọn ọmọ ti ń wẹ̀. Omi yìí kan náà tí ó jẹ eékún ọmọ wa, òun ni a ń dà fún ẹja. Ewúrẹ́ a sì máa mu ún bí ó bá dúró lójú kan, adìẹ náà a mu ún. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́, kí ó jìnnà sí kànga àti sí odò, ẹ tẹ́ ọ̀rá tí kò lu sí inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti fọ gbogbo nǹkan. Ẹ fi ẹ̀ka igi yí i ká nítorí àwọn ọmọ àti ẹran. Bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá, omi á ti fà, ohun tí ó kù nísàlẹ̀ á sì ti di òkúta. Ẹ hú u, ẹ fi dí kòtò ojú ọ̀nà.

Kọnkéré tí ó bá ṣẹ́kù nínú páànù náà, kí á má ṣe dà á sínú oko tàbí sẹ́yìn ilé ìdáná. Kí mọlémọlé ní irin onígun mẹ́rin kan nítòsí, kí á da èyí tó kù sínú rẹ̀, yóò di òkúta ìtẹ̀mọ́lẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Bàbá mọlémọlé kan tí a mọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé tí ó bá kọ́, kò sì sí ilé rẹ̀ kan tí ẹrẹ̀ wà lẹ́nu balùwẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó ti gbẹ pátápátá kì í jẹ ara mọ́ bí ti tútù. Ògiri tí a wó àti ilẹ̀ tí a hú dára fún kíkún abẹ́ ilẹ̀ ilé titun. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún irin àti ìṣó, nítorí ẹni tí ó bá tẹ irin ìpẹtà mọ́lẹ̀ lè kó tẹ́tánọ̀sì, àrùn tí í ti ẹnu ènìyàn pa, bí kò bá tí ì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ohun kan sì wà tí a bẹ ẹ̀yin ìyá: ẹ má ṣe fi àfọ́kù kọnkéré tàbí bíríkì sìmẹ́ńtì ṣe ààrò. A ti rí i ní ilé bíi mẹ́ta. Omi máa ń wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí, bí iná bá mú un gidigidi, ó lè bẹ́ gbàù, kí àfọ́ rẹ̀ ta sí ẹni tí ó jókòó tì í. Ẹ wá òkúta gidi, tàbí kí ẹ fi amọ̀ mọ ọ́n. Níbi yìí, amọ̀ ni ọ̀gá.

Àpò rẹ̀ ńkọ́? Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀, bébà àpò sìmẹ́ńtì ni a fi ń bo ìwé wa nílé ẹ̀kọ́, inú wa sì ń dùn nítorí kì í tètè ya. A máa ń gbọ̀n ọ́n dáadáa kí á tó gé e, nínú yàrá! Títí di òní, a ń rí ẹni tí ń fi dì àkàrà fún oníbàárà, a sì ń rí àgbàdo àti gààrì nínú àpò oníke tí sìmẹ́ńtì ti wà nínú rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí á fòpin sí i. Ìyẹ̀fun náà wà nínú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀, gbígbọ̀n kò lè mú un tán, ó sì ń bá oúnjẹ wọ inú ọmọ. Bí ọmọ bá jẹ sìmẹ́ńtì tàbí tí ó mu omi rẹ̀, kí á má ṣe fi ipá mú un bì, nítorí yóò tún jó ọ̀nà ọ̀fun bí ó ti ń jáde. Kí á fi omi yọ́ ẹnu rẹ̀, kí á sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú. Àpò òfìfo dára láti tẹ́ sílẹ̀ níbi tí a ti ń po sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ omi díẹ̀ sí i kí eruku má baà sọ, ẹ ká a, ẹ kó o fún àwọn tí ń kó ilẹ̀, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi dá iná oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì kọ́ kànga sìmẹ́ńtì láti fi gba omi òjò, ọ̀rọ̀ yín kúrú. Omi àkọ́kọ́ tí ó bá wọ inú kànga titun kì í ṣe omi mímu. Ẹfun inú ògiri titun á ti tú sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbó dáadáa, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ gbọ́n ọn dànù sínú kòtò bí a ti wí, kí ẹ tó jẹ́ kí omi tí ẹ ó mu wọ inú rẹ̀. A mọ̀ pé ó dun ni láti da omi òjò nù.

Ó ku páànù òrùlé aláwọ̀ eérú, èyí tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe tí a sì pò mọ́ fọ́nrán kan tí àwọn Faransé ń pè ní amiante. Ó wà lórí àwọn ilé àtijọ́ kan. Láti ọdún 1977 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ti sọ ọ́ pé fọ́nrán yìí ń fa jẹjẹrẹ, ilẹ̀ Faransé sì fi òfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1997. Àrùn rẹ̀ lè dúró ní 20 ọdún tàbí 40 kí ó tó yọjú. Ojú lásán kò lè mọ èyí tí ó ní in yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in, nítorí náà kí á ka gbogbo èyí tí ó bá ti pẹ́ sí i. Bí ó bá wà lórí ilé láìfọ́, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ má ṣe fọ́ ọ kún ojú ọ̀nà, ẹ má sì fi àfọ́kù rẹ̀ ṣe ilé adìẹ. Bí ó bá di dandan kí ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún ilé iṣẹ́ maire. Kí á fi omi rẹ ẹ́, kí á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odidi, kí á fi ọ̀rá nípọn dì í ní ìlọ́po méjì, kí á sì rì í jìn sí ibi tí wọ́n bá fi hàn wá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wá gbẹ́ kànga tàbí kọ́ ilé. Àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ sí nítòsí lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé kejì oṣù tí ń bọ̀, a ó da ilẹ̀ yàrá kejì. Ẹni tí ó bá ní àgbá, kí ó yá wa. Ẹni tí ó bá ní bàtà òjò, kí ó wọ̀ ọ́ wá. A ti ra ìbọ̀wọ́ 12, mọlémọlé sì ti gé pátákó ìkúnlẹ̀ mẹ́rin. Àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15, orin ni kí wọ́n wá kọ fún wa láti abẹ́ igi. Ọmọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ ní òun ń bọ̀. Ó bẹ̀ wá pé kí á fi òun ṣọ́ àgbá omi.